Ilé ọtí láàárín ilé gbígbé ní Ìjẹ̀bú-Òde: ta ló yẹ kó fọwọ́ sí i?

Ọmọ Mọ́lípà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ilé gbígbé ni gbogbo ilé tó wà ládùúgbò wa. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan wó ògiri iwájú ilé rẹ̀, ó sọ pálọ̀ di ilé ọtí. Kò pẹ́, ẹlòmíì ṣí tirẹ̀ sí ọ̀kánkán. Wọ́n ti di mẹ́ta báyìí, bẹ́ẹ̀ jẹ́léósinmi kò jìnnà sí wọn rárá. Ariwo títí di aago méjì òru, ìtọ̀ lára ògiri wa, ìjà ní gbogbo òru Sátidé. Àwọn ọmọ mi ò sùn dáadáa mọ́. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má mu ọtí. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kò sí òfin tó ń sọ ibi tí wọ́n ti lè tà á ni?

Ìyá Ọlọ́tí Ìtá-Òṣù: Mo gbọ́ yín, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ọtí ni mo fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta láti ìgbà tí bàbá wọn ti lọ. Iwájú ilé ni mo ti ń tà nítorí owó ṣọ́ọ̀bù lọ́jà ò ṣeé sún mọ́. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún, rìsíìtì mi wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n kó kúrò, ibo ni kí n gbà?

Aṣètò Ìlú, Ṣàgámù: Màmá, ẹ má bínú. Rìsíìtì yẹn lọ́tọ̀, àṣẹ láti sọ ilé gbígbé di ilé òwò lọ́tọ̀. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ìwé àṣẹ ọtí títà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò ilẹ̀ àti ìlú, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 2003. Ibi tí nǹkan ti ń bọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń gba owó ọtí kì í wo irú àdúgbò tí ilé wà, ẹni tó mọ pílánù ilé kì í mọ̀ pé wọ́n ti gbàwé ọtí. Ó yẹ kí káńsù máa béèrè ìwé àyípadà ìlò ilé kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dá Ìmọ̀wò: Òfin mélòó la fẹ́ ṣe? Bí òṣìṣẹ́ bá dé, màmá bí èyí ni wọ́n máa tì pa. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń lu ìlù mọ́jú kò ní pa ariwo rẹ̀, nítorí ó mọ ènìyàn. Àti pé àwọn tó ń gbé paraga kiri ní gáréèjì ńkọ́? Wọn ò ní ilé tí ẹ máa fi òfin ìlò ilẹ̀ mú. Ní 2024, NAFDAC ní kí wọ́n yé ṣe ọtí inú sáṣẹ́ẹ̀tì àti ti ike tí kò tó 200 mílílítà. Ariwo ta, wọ́n sún un síwájú.

Ọmọ Rẹ́mọ L'Ókè Òkun: Bọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ nípa paraga, òfin ìlò ilẹ̀ ò lè mú un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, California ni mo ń gbé. Níbí, ìpínlẹ̀ ló ń fúnni níwèé ọtí. Ìlú ò lè fúnni, kò sì lè gbà á padà. Àṣẹ lórí ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣe ni ìlú ní lọ́wọ́, òun náà ni wọ́n sì dì mú. Nígbà rògbòdìyàn Los Angeles ní 1992, nǹkan bíi 200 ṣọ́ọ̀bù ọtí ló bàjẹ́ ní gúúsù ìlú náà. Àwọn ará àdúgbò fárígá pé wọn ò ní tún wọn kọ́ bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ padà, wọ́n á pe àwọn aládùúgbò wá sọ tẹnu wọn, wọ́n á sì fi àdéhùn lé e: iná ìta, ẹ̀ṣọ́, aago tó máa ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ò padà mọ́. Àwọn kan di ilé ìfọṣọ.

Ní Oakland, 1993, wọ́n ṣe òfin tó kan àwọn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn ò lé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ìjà, ariwo àti ìdọ̀tí bá pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti máa ta ọtí lórí ilẹ̀ náà.

Kí n má tan yín: ará Korea ló ni púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù Los Angeles yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ gbèsè, wọn ò sì rí ojú òwò padà. Ọ̀rọ̀ màmá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ìyá Ọlọ́tí Ìtá-Òṣù: Ẹ ṣé tí ẹ sọ ìyẹn. Àwọn tó ń ṣe òfin kì í rántí wa.

Akọ́mọlójú: Olùkọ́ ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá máa ń kọjá níwájú ilé ọtí ní aago méje àárọ̀, ó ti ṣí. Ìjẹ̀bú ni wá, a mọ àríyá, kò sí ẹni tó ń sọ pé kí a má ṣe fàájì lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Àmọ́ tí ilé ọtí bá di mẹ́ta lójú kan, àwọn oníbàárà yóò máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ìjà á máa bá wọn rìn. Kí wọ́n kàn ní ìwọ̀n: báyìí ni ilé ọtí kan yóò ṣe jìnnà sí òmíràn, báyìí ni yóò ṣe jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́.

Bọ̀dá Ìmọ̀wò: Ti ìwọ̀n yẹn, mo fara mọ́ ọn, bí yóò bá kan hòtẹ́ẹ̀lì náà. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Rẹ́mọ L'Ókè Òkun: Ní Baltimore, ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà, òfin 2017 fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ọtí àárín ilé gbígbé ní ọdún méjì láti kó lọ tàbí kí wọ́n yí òwò padà. Lójú tèmi, ti Oakland ló tọ́ fún irú àwọn màmá.

Ìyá Ọlọ́tí Ìtá-Òṣù: Bó bá jẹ́ ti Oakland, mo lè gbà. Mà á máa tì í ní aago mẹ́wàá, n kò ní gbé gbohùngbohùn síta, n kò sì ní ta fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo wa, kó má jẹ́ èmi nìkan.

Ọmọ Mọ́lípà: Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ìpàdé onílé wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ mú lẹ́tà dání. Ẹ̀yin aṣètò ìlú, ta ni kí a kọ ọ́ sí, káńsù ni àbí ìpínlẹ̀?

Aṣètò Ìlú, Ṣàgámù: Ẹ kọ ọ́ sí àwọn méjèèjì, kí ẹ sì sọ nínú tẹnì kọ̀ọ̀kan pé ẹ ti kọ ọ́ sí èkejì. Ẹ fi fọ́tò pílánù ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i tí ẹ bá rí i gbà. Màá bá yín ka lẹ́tà náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.