Àtúnṣe: Kì í ṣe gbogbo àmì ara ni wọ́n ń fi diathermy jó

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ diathermy lè fi jó àmì dúdú yòówù kúrò lára, pé kò gba ẹ̀kọ́ kankan. Irọ́ ni.

Ooru iná mànàmáná tó ń gba orí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ẹ̀rọ yìí ló ń jó awọ. Ó wúlò fún ẹran kéékèèké tó ń rọ̀ dirodiro lọ́rùn. Àmọ́ àmì dúdú tó ń tóbi sí i, tó ń yí àwọ̀ padà tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá jó o, kò ní sí ohun tí dókítà máa yẹ̀ wò mọ́, jẹjẹrẹ náà á sì lè máa ràn lábẹ́lẹ̀. Ibí yìí ló ń dùn mí jù.

Oníṣẹ́ ẹwà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ wà láyà yín, bóyá ẹ lóyún, bóyá àpá yín máa ń wú. Ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ hàn yín. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ náà: ìṣojú yín ni kó ti já ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun, torí àlòkù lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B ranni. Bó bá fi spírítì nu ara yín, kó gbẹ dáadáa kó tó tan ẹ̀rọ, kí iná má bàa gbé e.

Ire ni ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí yín ń fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí òun náà.