Ẹ Yéé Dí Títì Mọ́ Wa Lójú Tí Ọdún Bá Dé

Ẹ̀yin ará Òkè-Àró l'Ákùúrẹ́, nǹkan yìí ti sú mi! Bí ọyẹ́ Disẹ́ńbà bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, a ó kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan ká rí i pé wọ́n ti ta kánópì dí títì. Wọn ò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí o bá gbé mọ́tò dé ìdí àga lo máa gbọ́ pé àdúgbò ń ṣe ìparí ọdún.

Èmi ò ní ká má ṣọdún o. Ọdún ló ń kó àwọn ọmọ wa wálé láti Èkó àti Àbújá, ó yẹ ká jẹ, ká mu. Ṣùgbọ́n màmá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra. Lọ́jọ́ kejì Kérésì tó kọjá, ńṣe la gbé wọn gba àárín àga àti ìkòkò ìrẹsì kọjá kí wọ́n tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀ lọ sí ọsibítù. Onígángan ò tiẹ̀ dákẹ́!

Irin tí wọ́n ń gbá mọ́ ọ̀dà títì ńkọ́? Wọ́n á fà á yọ, wọ́n á fi ihò sílẹ̀. Tí àkọ́rọ̀ òjò bá dé, omi á wọnú ihò, ọ̀dà á ṣí, ó di kòtò. Àwa náà la ó tún máa dáwó yanrìn.

Ẹ sọ fún wa ṣáájú. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ fún mọ́tò. Tó bá di aago mọ́kànlá alẹ́, ẹ pa sípíkà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọwọ́ wà nílé.