Iná hásáàdì kì í ṣe ìwé àṣẹ o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n tú nǹkan yìí jáde, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń páàkì mọ́tò sójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni, ó ti ń hó nínú mi láti Sátidé. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ní London níbí o, kẹ̀kẹ́ ológeere, kì í ṣe Márúwá. Ọdún kẹrin rèé. Tí mo bá sọ ọ́ fáwọn èèyàn wa, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò mí, màmá mi gan-an bi mí lórí fóònù pé ṣé kò sí nǹkan tí mò ń fi pa mọ́ fún àwọn, torí lójú tiwọn, kẹ̀kẹ́ ni nǹkan tí bàbá mi ń gùn lọ sóko kí wọ́n tó rówó ra máṣíìnì, Raleigh dúdú tó ní kàríà lẹ́yìn tí wọ́n máa ń di igi ìdáná mọ́. (Raleigh yẹn, Nottingham níbí ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà yẹn o, àmọ́ ẹ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún màmá mi.)

Kí n sòótọ́, mo gbádùn ẹ̀. Ọ̀nà kan wà láti Burgess Park tó já sí Peckham Library, odò tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà láyé ijọ́un ni, wọ́n ti dí i pa tipẹ́, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀, ẹyẹ lẹ máa gbọ́. Tí mo bá ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, mo máa ń kọrin níbẹ̀ ni. Ìgbà tí mo bá bọ́ sí títì ni orin máa ń tán lẹ́nu mi.

Wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sójú ọ̀nà wa gàdàgbà, ẹni tí ò kàwé á mọ̀ ọ́n. Màá dé bẹ̀ báyìí, màá bá van kan tó jókòó sójú ẹ̀ bí ìyá ọkọ tó wá kí ọmọ tuntun, iná hásáàdì ń tàn ń kú, ń tàn ń kú. Ẹni tó páàkì ẹ̀ rò pé nǹkan kékeré ni, pé kí n kàn yà fún òun. Kí n yà lọ síbo? Tí mo bá fẹ́ yà, mo gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn, kí n na ọwọ́ kan, kí n fi ọwọ́ kejì tọ́ kẹ̀kẹ́, kí n wá kó sáàárín bọ́ọ̀sì àti lọ́rí tó ń sáré, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ò sì wo mọ́tò tó dínà, èmi ni wọ́n rí, lójú tiwọn èmi ni mo wá dí wọn lọ́wọ́, ni wọ́n á bá fọn fèrè pàà. Highway Code, ìwé òfin ojú títì ìlú yìí, ní látọdún 2022 pé kí wọ́n fi ó kéré tán mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kọjá lára wa. Mítà kan ààbọ̀ tí èmi ń rí, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ ni.

Ilẹ̀kùn mọ́tò tó páàkì yẹn ni mo tiẹ̀ ń bẹ̀rù jù. Wọ́n ti ṣí i lù mí rí, ìgbọ̀nwọ́ mi òsì ṣì máa ń ro mí tí òtútù bá mú. Ìwé yẹn kan náà ní kí dẹ́rẹ́bà máa fi ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i, ọwọ́ òsì nìyẹn ní ìlú yìí, kí ara ẹ̀ lè yí, kí ojú ẹ̀ lè rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbà kí èèyàn lo ọwọ́ òsì láyé mi nìyẹn.

Òfin ò ṣàì wà o. Tí ìlà funfun ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá gùn láìjá, mọ́tò ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ páàkì síbẹ̀, ní gbogbo wákàtí tí wọ́n bá kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìlà tó ń já, wọ́n ní kó má wọ̀ ọ́ àyàfi tí kò bá sí bó ṣe lè ṣe é. "Àyàfi" yẹn ni gbogbo ayé ń sùn lé lórí. Ní June 2022 TfL, àwọn tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì àtàwọn títì ńlá London, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà mú àwọn tó ń wa mọ́tò wọ ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lórí àwọn títì tiwọn, fáìnì ẹ̀ nígbà yẹn lè tó pọ́ùn 160, ìdajì ni téèyàn bá tètè san láàárín ọjọ́ 14. Ó dáa. Àmọ́ mélòó ni kámẹ́rà fẹ́ rí?

Àbúrò mi ọkùnrin ń wa van, ẹrù tí ẹ̀ ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń já kiri. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ̀ ni, ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni mo gbọ́dọ̀ dé kílẹ̀ tó ṣú, ibi tí wọ́n ní ká ti máa já ẹrù, ẹlòmíì ti páàkì síbẹ̀ ó ti lọ jẹun, tí mo bá dúró sójú ìlà pupa méjì, fáìnì ni, tí mo bá dúró sáàárín títì, gbogbo mọ́tò á máa ṣépè fún mi, ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ nìkan lẹ lè yí gbà ẹ̀gbẹ́ mi." Mi ò lè ní irọ́ ló ń pa, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi báyìí, irú van bẹ́ẹ̀ ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ dáadáa. Kì í ṣe pé kò rí ojú ọ̀nà wa. Ó rí i. Ó ṣírò gbogbo wa, ó wá rí i pé àwa la ò lè fi nǹkan kan ṣe òun, ló bá dúró lé wa lórí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ọ̀dà gbọ́ mọ́. Ní 2010, nígbà tí Boris Johnson jẹ́ mayor, wọ́n kun ẹ̀gbẹ́ títì kan ní búlúù, tó ti apá Merton gba Clapham àti Stockwell wọ City, wọ́n ní Cycle Superhighway ni, títì ńlá àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀dà ṣá ni nígbà yẹn, mọ́tò ń gùn ún bó ṣe wù ú. Ẹ wá lọ wo ti Blackfriars Road tí wọ́n ṣí ní 2016, kọnkéré ni wọ́n fi là á kúrò lára ti mọ́tò, iye ìgbà tí mo ti bá mọ́tò níbẹ̀ ò kún ìka ọwọ́ mi kan. Ṣé àwọn awakọ̀ apá ibẹ̀ ló wá níwà ju ti Peckham lọ ni? Taya wọn ò lè gun kọnkéré ni jàre.

Ti Old Kent Road lọ́jọ́ Sunday, tí ṣọ́ọ̀ṣì wa bá jáde, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, pásítọ̀ mi wà lórí ìkànnì yìí.

Ti Sátidé wá ni. Oorun iṣẹ́ òru ń kùn mí, mo bá jíìpù dúdú kan lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ wa. Mo gbé kẹ̀kẹ́ gun ẹ̀gbẹ́ títì, mo kan gíláàsì. Bàbá kan ni, fìlà lórí, wọn ò tíì lanu tí mo ti mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ nibí sà." Ohun tó ń bí mi nínú rèé, mo tún kúnlẹ̀ díẹ̀ o, èmi tí wọ́n dínà mọ́! Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bínú, ìṣẹ́jú méjì péré, ìyàwó mi ló wọlé lọ ra iṣu." Iṣu! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí obìnrin Yorùbá tó ń fi ìṣẹ́jú méjì ra iṣu, wọ́n á gbé e wò, wọ́n á tẹ orí ẹ̀, wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á ná an, wọ́n á tún padà síbi ti àkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi sún síwájú díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o ò rí hásáàdì tí mo tàn ni?" Bí ẹni pé ọba ló fọwọ́ sí i fún wọn.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn tí ìyàwó wọn fi jáde, iṣu mẹ́ta, àpò ata rodo. Wọ́n wò mí, wọ́n wo kẹ̀kẹ́, àánú mi ṣe wọ́n. "Ọmọ mi, kí ló dé tó o fi ń gun nǹkan yìí láàárín mọ́tò? Wá ká gbé ẹ délé, Daddy, ẹ bá a ṣí bùútù." Daddy ò jiyàn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbàgà, ọwọ́ ọ̀tún, wọn ò wẹ̀yìn. Ọmọkùnrin kan tó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yà wìì sáàárín títì, bọ́ọ̀sì fọn fèrè, ó kọjá, ó ń ṣépè lọ.

Màmá gbọ́wọ́ lé àyà, wọ́n yíjú sí mi. "Ṣó o rí nǹkan tí mò ń sọ?"