Ogún Ọdún Irọ́

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin tí ọkọ rẹ́ jẹ níbi pínpín dúkìá lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ fi ń rẹ ara wọn lẹ́kún. Mo fẹ́ràn òwe náà gan-an. Ṣùgbọ́n kò ní kí ẹni tí wọ́n parọ́ fún káwọ́ gbera. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni òtítọ́ fi ń rìn dé kóòtù.

Ẹ wo ẹjọ́ Gohil ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2004, ìyàwó gba £270,000 àti mọ́tò kan, ó ní kí ọ̀rọ̀ parí. Lọ́yà ni ọkọ. Ó ti sọ pé owó àwọn oníbàárà òun ló pọ̀ jù nínú ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ìyàwó ò gbà á gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé lójú tirẹ̀, ọkọ kò fi gbogbo dúkìá hàn. Ní 2007 ó padà sí kóòtù. Kò pẹ́ sígbà náà làṣírí tú: lọ́yà yìí ló ń bá James Ibori, gómìnà Delta tẹ́lẹ̀, fi owó pamọ́ sókè òkun. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni wọ́n dá fún lọ́yà náà. Ọkọ ní ìyàwó ti fura kó tó fọwọ́ sí i. Ní October 2015, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dáhùn pé kóòtù fúnra rẹ̀ ni ọkọ jẹ ní gbèsè òtítọ́, ìfura ìyàwó kò lè san án. Wọ́n wọ́gi lé àdéhùn náà.

Àbámọ̀ yàtọ̀ sí irọ́ o. Bí ilẹ̀ tó kan ọkọ bá gbówó lórí lẹ́yìn ìdájọ́, ìyẹn kì í tú àdéhùn. Bí ó bá ti fi ilé pamọ́ sórúkọ àbúrò rẹ̀ kí ẹ tó dé kóòtù, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Nílé níbí, oṣù mẹ́ta ni òfin fún ẹni tó fẹ́ gbé ìdájọ́ ìkẹyìn ilé-ẹjọ́ gíga lọ sí Kòtẹ́milọ́rùn. Èyí tí wọ́n fi èrú gbà, ẹjọ́ tuntun lè tú u ká. Ọjọ́ tí ẹ rídìí irọ́ náà ni kí ẹ dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan gbé páànù bísíkíìtì wá bá mi: rìsíìtì sìmẹ́ǹtì, orúkọ ọkọ lórí rẹ̀, déètì tó ṣáájú ìdájọ́. Wọ́n ní, “Ọdún mẹ́jọ rèé, ṣé kò ti pẹ́ jù?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, a máa gbé e lọ bá lọ́yà.”