Ihò Inú Ósónì Kọ́ Ló Ń Mú Ayé Gbóná

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti jókòó ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì rí pé kí ló ń mú ayé gbóná. Ìdáhùn tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé ìpele ósónì ti lu. Wọ́n á ní èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ ló dá ihò sí i lára, pé ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà wọlé ní tààrà, òun ló fà á tí ooru fi ń pọ̀ sí i. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn láti há sórí: òrùlé tó bá lu, oòrùn á wọ inú ilé. Kẹ́mísírì ni mò ń kà, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí a jọ ń kàwé, kódà mo ti rí i nínú ìwé ìdánwò tí olùkọ́ fún ní máàkì tó pé.

Ihò wà lóòótọ́. Ayé sì ń gbóná lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀kan kọ́ ló bí èkejì.

Átọ́ọ̀mù ọ́síjìn mẹ́ta ló so pọ̀ di ósónì. Méjì ló wà nínú ọ́síjìn tí à ń mí sínú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ósónì wà lókè lọ́hùn-ún, láàárín nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 35 sókè ilẹ̀. Ó fọ́nká gan-an níbẹ̀, débi pé bí a bá kó gbogbo èyí tó wà lókè orí wa jọ wá sísàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ki, nǹkan bíi mìlímítà 3 péré ni yóò nípọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìtànṣán ultraviolet tó le jù mú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, irú èyí tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara, tó ń ba ẹyinjú jẹ́, tó sì ń ṣe irúgbìn ní jàǹbá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kékeré ni ìtànṣán yẹn jẹ́ nínú gbogbo agbára tí oòrùn ń rán sí wa. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí àti ooru tí ojú kò rí ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà, àwọn yẹn sì ń kọjá lára ósónì bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ì báà lu, ì báà má lu. Òrùlé tí wọ́n ń sọ yẹn kò fìgbà kan jẹ́ ohun tó ń dá ooru oòrùn dúró.

Èéfín ọkọ̀ náà kọ́ ló dá ihò sí i. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, Thomas Midgley àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń wá gáàsì tí wọ́n lè lò nínú fíríìjì, nítorí májèlé ni àwọn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń gbiná. Èyí tí wọ́n rí ni à ń pè ní CFC, gáàsì tí klóríìnì wà nínú rẹ̀. Kì í gbiná, kì í pa ènìyàn, kì í sì í bá nǹkan kan jà. Wọ́n kó o sínú fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù, àti agolo tí wọ́n fi ń fín lọ́fínńdà. Ìwà jẹ́jẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ yìí náà ló wá di wàhálà: níwọ̀n bí kò ti sí ohun tó ń fọ́ ọ nísàlẹ̀ níbí, ó ń gòkè títí ni, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú afẹ́fẹ́. Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé bó bá dé òkè yẹn, ìtànṣán ultraviolet á tú u palẹ̀, klóríìnì á já kúrò lára rẹ̀, klóríìnì yìí á sì máa fọ́ ósónì lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán. Átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lè ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ósónì jẹ́ kí nǹkan mìíràn tó mú un so. Àwọn tó ń ṣe CFC kọ́kọ́ yọ ṣùtì sí wọn.

Ní 1985 ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Joseph Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin, àwọn ará Bìrìtìkó, jábọ̀ pé ósónì tó wà lókè ibùdó ìwádìí Halley ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín gúúsù ayé, ń dín kù gidigidi lọ́dọọdún tí oṣù kẹwàá bá dé; ibi tó ti fọ́nká yẹn ni à ń pè ní ihò. Susan Solomon àti àwọn mìíràn ló ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀: òtútù òkè Antarctica le débi pé kùrukùru yìnyín ń ṣù ní gíga tí kùrukùru kì í sábà dé, orí yìnyín yẹn sì ni klóríìnì ti ń rí ìtura bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibi nígbà tí oòrùn bá padà yọ lẹ́yìn òkùnkùn ìgbà òtútù.

Ẹ wá wo ibi tí ìtàn òrùlé yẹn ti ń já. Òkè Antarctica ni ihò náà wà, ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Nǹkan bí oṣù kẹjọ ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló ń fẹ̀ jù, tó bá fi máa di oṣù Kejìlá, ó sábà máa ń pa dé. Bó bá jẹ́ ihò yìí ni ooru ń gbà wọlé, abẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó máa gbóná jù, ní àsìkò tó fi ṣí. Ohun tí à ń rí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìpẹ̀kun àríwá, tó dojú kọ ìhà kejì pátápátá, ló ń gbóná kíákíá jù lọ lágbàáyé.

Ọ̀rọ̀ òru tún wà ńbẹ̀, òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀rí, nítorí kò gba kí ènìyàn mọ kẹ́mísírì. Ní ọ̀pọ̀ ibi lórí ilẹ̀ ayé, láti àárín ọ̀rúndún tó kọjá, òru ń móoru sí i ju bí ọ̀sán ṣe ń ṣe lọ. Oòrùn wo ló ń gba inú ihò wọlé lóru?

Èyí tó kù gba kí a gbójú sókè díẹ̀. Ká ní oòrùn tó ń wọlé ló ti pọ̀ sí i, gbogbo afẹ́fẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ìbá máa gbóná. Láti nǹkan bí 1979 tí sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n, ìsàlẹ̀ ń gbóná, ṣùgbọ́n òkè níbi tí ósónì wà ń tutù. Lára ohun tó fa òtútù òkè yẹn ni ósónì tó dín kù, nítorí ìtànṣán tí ósónì ń gbà mú ló ń mú ibẹ̀ móoru. Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì, èyí tí à ń kọ ní CO2. Ní 1967, kí sátẹ́láìtì tó sọ ọ́, Syukuro Manabe àti Richard Wetherald ti fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ pé bí CO2 bá pọ̀ sí i, ìsàlẹ̀ á gbóná, òkè á tutù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí.

CO2 kì í dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ́nà. Ìmọ́lẹ̀ náà á wọlé, ilẹ̀ àti omi á gbà á, wọ́n á móoru, wọ́n á sì máa dá ooru yẹn padà sókè ní ìtànṣán infrared, ìyẹn ìtànṣán ooru tí ojú kò rí, tọ̀sán-tòru. Ìtànṣán ìpadàbọ̀ yìí ni CO2 ń gbá mú, tó sì ń rán apá kan rẹ̀ padà sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àná: Eunice Foote ní Amẹ́ríkà ti rí i ní 1856 pé gáàsì yìí ń gbóná nínú oòrùn ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, John Tyndall sì wọn bí àwọn gáàsì ṣe ń gba ooru mú ní 1859. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó gbòde, nínú mílíọ̀nù ẹyọ afẹ́fẹ́, nǹkan bíi 280 ló jẹ́ CO2. Nígbà tí Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní 1958, ó ti tó nǹkan bíi 315. Ó ti kọjá 420 báyìí. Inú èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí à ń jó, àti igbó tí à ń pa run, ló ti ń wá. Ibí gan-an ni èéfín ọkọ̀ ti jẹ̀bi, kì í ṣe lọ́dọ̀ ósónì.

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì fara kanra. CFC fúnra rẹ̀ jẹ́ gáàsì tó ń ká ooru mọ́, ó sì lágbára níbẹ̀ ju CO2 lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún bí a bá fi kílò sí kílò. Ihò náà tún ti yí ọ̀nà afẹ́fẹ́ padà díẹ̀ ní ìhà gúúsù ayé. Ẹni tó bá sọ pé wọn kò mọ ara wọn rárá, òun náà ti sọ àsọdùn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìtàn òrùlé yìí ń bo iṣẹ́ tí ayé ṣe yọrí mọ́lẹ̀. Ní 16 oṣù kẹsàn-án 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dín CFC kù. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló padà wọ inú rẹ̀. Ósónì ti ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀: ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé yóò padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní nǹkan bí 2040 ní ọ̀pọ̀ ibi, àti ní nǹkan bí 2066 lókè Antarctica. Nígbà kan náà, 2024 ni ọdún tó gbóná jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n ooru ayé sílẹ̀. Ósónì ń sàn, ooru ń pọ̀. Tó bá jẹ́ pé òun ló fà á ni, báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí wọ́n yọ CFC kúrò, gáàsì mìíràn tí à ń pè ní HFC ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù. HFC kò ní klóríìnì, kì í fọ́ ósónì, ṣùgbọ́n gáàsì tó ń ká ooru mọ́ gan-an ni, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tún pàdé ní Kigali, ní Rwanda, ní 2016 láti fi dídín òun náà kù kún àdéhùn ti Montreal. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára agolo tàbí ẹ̀rọ kan pé kì í ba ósónì jẹ́, wọn kò parọ́. Wọn kò tíì sọ nǹkan kan fún yín nípa ooru ni.