Lílé Adelé Lọ Kò Sọ Pé Olùkọ́ Ti Dé

Ìwé onígbólóhùn kan ṣoṣo ni ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ fi lé olùkọ́ adelé kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò sì pè é kó wá wí tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Àwa kò fara mọ́ ìpinnu yìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kí ni ọkùnrin náà ṣe gan-an? Ó kọ ìṣirò sí ojú pátákó, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ibì kan kọ nínú rẹ̀, ó wá lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì láìsọ̀rọ̀, títí ọmọ kan tí kì í lanu rí fi dìde tó sì nàka síbi tí àṣìṣe náà wà. Ó tún gbogbo àga tò kí àwọn ọmọ lè máa wo ojú ara wọn. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì jọra, èyí tó jọ pé ó dun àwọn aláṣẹ ju ohunkóhun lọ. Òótọ́ ni pé ariwo sọ, tí kíláàsì tó múlé tì wọ́n sì fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n ariwo ọmọ tó ń jiyàn lórí ìṣirò yàtọ̀ pátápátá sí ariwo kíláàsì tí kò ní olùkọ́, irú èyí tí ìgbìmọ̀ yìí ti ń fara dà tipẹ́ kí adelé náà tó dé.

A kò sọ pé kò jẹ̀bi ohunkóhun. Kíkọ̀ tó kọ̀ láti máa pe orúkọ àwọn ọmọ láràárọ̀ burú, nítorí bí ọmọ kan bá di àwátì, ìwé ìpè-orúkọ la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn òbí tí ìdánwò ọmọ wọn ti sún mọ́lé náà kò sì ṣàṣejù bí ọkàn wọn kò bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, bí kò bá lè jókòó sí kíláàsì náà fún wákàtí kan, kó sì sọ ohun tó yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ tún ṣe?

Ìmọ̀ràn lórí ipò àwọn olùkọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris lábẹ́ àjọ UNESCO tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún 1966, là á yékéyéké pé kí a kọ ẹ̀sùn tí a fi kan olùkọ́ sílẹ̀ fún un, kí ó rí ẹ̀rí tó wà níbẹ̀, kí ó ráyè múra àwíjàre rẹ̀, kí ó sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọjọ́ yẹn náà ni a fi ń ṣe Àyájọ́ Olùkọ́ Lágbàáyé, tí àwọn aláṣẹ ń yin olùkọ́ lójú agbo. Ẹ̀wo nínú ohun mẹ́rin yìí ni wọ́n ṣe fún adelé náà?

Ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn yìí ti ń sọ látẹ̀yìnwá kò tíì yí padà: wọ́n ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. UNESCO ti sọ pé àgbáyé nílò olùkọ́ mílíọ̀nù 44 sí i fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kó tó di ọdún 2030. Síbẹ̀, wọ́n ń ju adelé sí kíláàsì láìfún un ní ètò iṣẹ́ tàbí ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, wọ́n sì ń jẹ́ kí àyè olùkọ́ gan-an ṣófo. Ó ti sú wa.

Kí ìgbìmọ̀ náà fagi lé ìwé yẹn, kí wọ́n gbọ́ tẹnu ọkùnrin náà, kí wọ́n sì sọ fún àwọn òbí, pẹ̀lú ọjọ́ tó dájú, ìgbà tí olùkọ́ tí kì í ṣe adelé yóò wọ kíláàsì náà.