Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í di bárakú

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ará ilé ló mú yín pín ọ̀rọ̀ yìí, pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń di bárakú, àti pé ẹni tó bá lọ sí Yábàá, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà l'Ékòó, kò ní padà wálé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Oògùn méjì la ń pè ní ọ̀kan. Diazepam, tí àwọn èèyàn ń lò kí wọ́n lè sùn, lè di bárakú lóòótọ́. Fluoxetine, tí dókítà ń kọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kì í mú kéèyàn máa ṣe bí ẹni tó mutí yó, kì í sì í mú kí ọkàn ẹni máa fà sí i. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé a kì í dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró lójijì, torí òòyì lè kọ́ni, oorun sì lè dà rú. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó tún máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ó dùn mí pé ìgbà yẹn gan-an lọ̀pọ̀ ń jù ú nù.

Ní Yábàá, ọ̀pọ̀ aláìsàn ń rí dókítà, wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, náà ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Fún èyí tí kò le, ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nìkan lè tó.

Ẹ ka ìwé tó wà nínú páálí oògùn náà, tàbí kí ẹ bi apòògùn tó ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.